Igi Tí Kò Sùn

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé ìwé yẹn, ẹ má wulẹ̀ wo ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹ wo obìnrin kúkurú tó dúró sí géètì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ń fi ojú lásán bá olùkọ́ tó pẹ́ dé wí. Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á sí, ṣùgbọ́n Ìyá Ilé Ìwé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì gbà pé orúkọ yẹn tọ́ sí òun. Bó bá gbá àgbàlá tán, ilẹ̀ a mọ́ débi pé adìẹ gan-an á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́.

Igi méjì ló wà nínú àgbàlá náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, èyí tó wà lẹ́bàá géètì a wọ́wé pátápátá, a wá dúró gbangba bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ ẹ̀ gbé lódò. Èyí tó wà lẹ́yìn kíláàsì ò mọ̀ ọ́n. Tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ló ń tutù yọ̀yọ̀. Abẹ́ ẹ̀ ni Ìyá Ilé Ìwé máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, táwọn ọmọ á yí i ká, tí yóò sì sọ ìtàn kan ṣoṣo tó mọ̀.

Ó ní nígbà tí ayé ṣì wà lọ́mọdé, Oòrùn fẹ́ rìnrìn àjò, ó sì bẹ àwọn igi pé kí wọ́n má sùn títí òun á fi dé. Gbogbo wọn fẹnu kò. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ilẹ̀ tún ṣú, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, oorun ẹ̀ ran èkejì, kò sì pẹ́ tí gbogbo igbó fi ń hanrun. Igi kan péré ló ranjú kalẹ̀. Nígbà tí Oòrùn dé, inú bí i, ó bọ́ aṣọ lára gbogbo àwọn tó sùn, ó ní ọdọọdún ni wọn yóò máa wà níhòòhò. Ó wá kọjú sí ọ̀kan tó kù, ó ní aṣọ tìẹ ò ní kúrò lára rẹ láéláé.

"Ta ló sùn?" ni Ìyá Ilé Ìwé á pariwo.

"Igi ẹ̀bá géètì!" làwọn ọmọ á dáhùn.

"Ta ni ò sùn?"

"Igi wa!"

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Ilé Ìwé bí gbọ́ ìtàn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí abẹ́ igi yẹn ló dàgbà sí. Lọ́dún tí bàbá ẹ̀ kú, ó rí ìyá ẹ̀ lẹ́bàá sàréè pẹ̀lú ojú gbígbẹ, ó sì gbọ́ táwọn ẹbí ń sọ pé, "Ẹ wo obìnrin bí ọkùnrin! Omi kan ò bọ́ lójú ẹ̀." Ọmọ náà di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin: lójú tiẹ̀, ìyá ẹ̀ ni igi tí kò sùn. Nígbà tó dàgbà, ó di agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn, ó sì mọṣẹ́ dunjú, àwọn aboyún a máa bèèrè ẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè dókítà.

Àfi bó ṣe já wọlé ìyá ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, tó wọ yàrá, tó kọjú sí ògiri. Kò jẹ, kò mu. Lọ́jọ́ kejì ló tó lanu sọ ọ́: ọmọ tuntun kan kú sọ́wọ́ òun. Dókítà ti ní kò sí ẹni tó lè gbà á là, ìyá ọmọ náà gan-an ò dá a lẹ́bi. Ohun tó ń pa á lára ni pé òun, agbẹ̀bí, bú sẹ́kún níwájú ọlọ́mọ.

"Mi ò padà síbẹ̀ mọ́," ló wí. "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Nítorí ẹkún? Ẹkún lásán?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Igi tó bá sùn ló ń wọ́wé. Èmi sùn."

Ẹ̀rù ba Ìyá Ilé Ìwé, torí ó mọ̀ pé ìtàn òun ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fa ọmọ ẹ̀ dìde. "Ẹ̀yìn ń dùn mí. Wá bá mi gbálẹ̀." Irọ́ ni, ẹ̀yìn ẹ̀ le ju ògiri lọ. Ó mú un tààrà lọ sábẹ́ igi ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọmọ náà gbá, ó gbá. Nígbà tó yá, ó dúró, ó ń wo ewé gbígbẹ tó kó jọ síwájú ẹ̀. Ó gbójú sókè wo igi. Igi tutù minimini.

"Mọ́mì, ibo lèyí ti já bọ́?"

"Lórí ẹ̀ náà ni."

"Igi wa? Èyí tí kò sùn?"

"Lójoojúmọ́ ni. Mo ti máa ń gbá a kúrò kí ẹ tó dé, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí. Ó ń wọ́wé bíi tàwọn yòókù, ọmọ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni tiẹ̀, tuntun á sì ti yọ kí ti àtijọ́ tó bọ́. Ìtàn mi dùn, àmọ́ kò pé." Ó fà á mọ́ra. "Nígbà tí ò ń sunkún yẹn, ṣé o fi ọlọ́mọ náà sílẹ̀?"

"Rárá. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú."

"O ò rí i? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Ọmọ náà wò ó títí. "Ẹ̀yin ńkọ́? Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ ò sunkún."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ibí yìí ni mo ti ń sun ún, láràárọ̀, odidi ọdún kan. Ta ló máa bi agbálẹ̀ pé kí ló kó sí i lójú? Eruku ni."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú ẹ̀. Kò dúró nù ún. Ó sáré lọ sílé, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì kọjá níwájú géètì ilé ìwé, ó ń juwọ́ sí ìyá ẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Ilé Ìwé dúró síbẹ̀, ó ń wò ó títí tó fi yà ní kọ́nà.

Olùkọ́ kan já dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ káàárọ̀, mà. Kí ló ṣe ojú yín? Ṣé eruku ni?"

"Ẹkún ni," Ìyá Ilé Ìwé dáhùn. "Ẹ tún ti pẹ́ dé."