Bí Àǹtí Tún-un-kọ Ṣe Kú Lórí Ìtàgé

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àǹtí Tún-un-kọ kú, ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ sì le koko. Orí ìtàgé ló kú sí. Ọ́pẹ́rà ni wọ́n ń ṣe, eré tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kódà ẹni tó ń kú lọ gbọ́dọ̀ kọrin tán kí ó tó dákẹ́. Àǹtí fi ohùn òkè rẹ̀ kọ tirẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó kú. Àwọn obìnrin tó jókòó níwájú ti ń fa ańkáṣíìfù yọ.

Ọkùnrin tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ nínú eré wá kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá Tẹ́nọ̀ ni gbogbo ilé eré ń pè é, torí kò sí tẹ́nọ̀ mìíràn, ìyẹn ọkùnrin olóhùn òkè, tó jẹ́ yanu níbi tó bá wà. Ó di ọwọ́ òkú mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárò. Nígbà tó kan ibi tí ohùn ti gòkè jù lọ, kò dé ibẹ̀ tán. Ó kù díẹ̀, ẹlòmíràn ì bá má tiẹ̀ mọ̀. Òkú la ojú kan.

"Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀," ni òkú wí. "Tún un kọ."

Ohun tó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù ni pé ó tún un kọ lóòótọ́. Àyà rẹ̀ ló já, ló bá ṣe bí wọ́n ti wí, ó sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Òkú padà dijú. Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn, àwọn onífayolíìnì gbé ohun èlò wọn sílẹ̀, wọ́n sì ní láti fa aṣọ ìtàgé dé kí eré tó parí. Orúkọ tí wọ́n sọ Àǹtí lọ́jọ́ náà ló bá a dé sàréè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, máńéjà ilé eré ránṣẹ́ pè é.

"Ṣé o ò mọ̀ pé o ti kú ni?"

"Mo mọ̀, sà. Etí mi ni kò kú."

Máńéjà ò rẹ́rìn-ín. "Ohùn olórin àgbà tó ni ipò yẹn ṣì há," ó ní. "Torí ẹ̀ nìkan ni wàá ṣe tún un ṣe ní Sátidé. Bí mo bá gbọ́ píntín lẹ́nu ẹ lẹ́yìn tó o bá ti kú, kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe àwàdà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti jọ ṣàdéhùn: bí ilé eré bá lé e, kó padà sídìí máṣíìnì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá, kó máa ránṣọ, kó gbàgbé orin. Àǹtí ò bẹ̀rù èèyàn kankan, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù máṣíìnì yẹn.

Bẹ́ẹ̀ bàbá yìí gan-an ló sọ etí ọmọ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ní kékeré, ìdí máṣíìnì ni Àǹtí ti ń kọrin. Bí bàbá bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ohùn máṣíìnì a wà nílẹ̀. Bó bá yára, a gòkè, Àǹtí náà a sì bá a gòkè. Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. "Bàbá, ẹ má tíì dúró, mi ò tíì parí." Bàbá ò ní dúró. Báyìí ló ṣe rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan pa.

Nígbà tí Àǹtí lọ fún ìdánwò ohùn nílé eré, adarí orin fúnra rẹ̀ ló tẹ dùùrù fún un. Àǹtí pa ẹnu mọ́.

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ara dùùrù yín ni ò yá. Ẹ ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń tún un ṣe, màá dúró."

Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ búrẹ́dì, títí onítọ̀hún fi dé. Wọ́n gbà á sáàárín àwọn akọrin ẹ̀yìn, adarí orin sì ní kí wọ́n fi í síbi tó jìnnà sí òun jù lọ.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ohùn olórin àgbà há. Gbogbo ilé ń sáré sókè sódò. Àǹtí ní kí wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́ àti òwú. "Aṣọ yẹn á tóbi fún mi léjìká," ó ní. Kò tíì sí ẹni tó sọ pé òun ló máa wọ̀ ọ́.

Sátidé pé. Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá jókòó síwájú pátápátá. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Tẹ́nọ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá tí Àǹtí ti ń múra.

"Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá tún ṣì í lónìí, má sọ nǹkan kan."

"Mi ò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣáà má ṣì í."

Ọ̀rọ̀ yìí ò ràn án lọ́wọ́ rárá. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní títì. Àǹtí kú, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Adarí orin gbọ́wọ́ sókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín wúyẹ́wúyẹ́.

Àǹtí dijú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá á sì padà sílé lófo. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò ní lè górí ìtàgé mọ́ láyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu òun Àǹtí ló sì kó bá a. Àánú ṣe é gan-an. Ó pa ètè pọ̀, ó fi imú kùn ohùn náà sí i, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀gá Tẹ́nọ̀ gbà á níbẹ̀, ó sì gbé e lọ. Àwọn tó wá torí ẹ̀rín sunkún relé lọ́jọ́ náà.

Máńéjà tún pè é. Nígbà tó wọlé, Ọ̀gá Tẹ́nọ̀ ti dúró síbẹ̀.

"Mo gbọ́ ẹ," máńéjà wí.

"Ṣé ó lọ sílẹ̀ ni, sà?"

Máńéjà ronú díẹ̀, torí olóòótọ́ èèyàn ni. "Kò lọ sílẹ̀."

"Bí ẹ bá lé e, àwa méjèèjì lẹ lé yẹn," Ọ̀gá Tẹ́nọ̀ dá sí i.

Bí Àǹtí ṣe di olórin ilé eré nìyẹn. Bàbá rẹ̀ gbé máṣíìnì kejì fún aládùúgbò kan.

Nígbà tí Àǹtí wá kú ní tòótọ́, lọ́jọ́ ogbó, Ọ̀gá Tẹ́nọ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá kí àwọn ẹbí. Wọ́n ní kó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Obìnrin tó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí ìtàgé ò lóǹkà," ó ní. "Wọ́n mọ ikú kú, kò séyìí tó mira nínú wọn. Òun nìkan ló kú tí kò fi mí sílẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè yàrá tí Àǹtí ń sùn, ó ní òun fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀ díẹ̀.