Pèrègún Ẹ̀bá Kànga

Ọdún mọ́kànlélógún ni èmi àti Abọ́dúnrìn ọkọ mi lò ní Igbó-Elérin, ní Òjó ní Èkó, ní yàrá méjì tó kọjú sí ara wọn. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Àlàbá. Èmi ń rán bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti kọ́tìnnì ní Ìyànà-Ìba. Bí a bá pàdé nírọ̀lẹ́, òun á máa rùn gáàsì fíríìjì, èmi á máa yọ fọ́nrán òwú kúrò nírun.

Abọ́dúnrìn a máa lọ sí Kútọnu lọ ra fíríìjì àlòkù. Nígbà kan, ó ní kí òun yà sọ́nà Sakẹ́tẹ́ kí òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan. Ọkọ̀ bàjẹ́ sí abúlé kan lẹ́yìn ìlú náà. Kò sí ibi tí àlejò lè sùn níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé ló sùn mọ́jú, ẹ̀fọn fi í jẹun. Mo rò pé tó bá dé á máa ṣépè fún abúlé náà. Ó dé, ó jókòó, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ fíríìjì.

Ó ní, "Adéníkẹ́, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé ni wọ́n ń fi Faransé kọ ọ́. A máa kọ́ yàrá mẹ́rin síbẹ̀. Àwa á sùn nínú ọ̀kan, àlejò á máa sùn nínú mẹ́ta. Ìwọ lo máa rán bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ̀."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ wá sùn sínú igbó?"

Ó ní, "Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́."

Ó ra ilẹ̀ náà lóòótọ́. Ó lọ gbẹ́ kànga síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó padà dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, èmi ni mò ń fi òrí pa á. Lẹ́yìn náà ó mọ ìpìlẹ̀ ilé dé orókùn. Ibẹ̀ ló dúró sí. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò jẹ́ kó gòkè. Nígbà tó yá, wọ́n ti ibodè pa, àìsàn sì wọlé tọ̀ wá. Kí wọ́n tó ṣí ibodè náà padà, mo ti di opó.

Mo ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi fún ọdún mélòó kan. Mo pín aṣọ rẹ̀, mo ta irinṣẹ́ rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Ìba, ní kí n wá máa bá àwọn gbé. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n yàrá tó ní òun máa fún mi, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, mo sì rí i pé bí mo bá wọ yàrá yẹn, ibi tí wọ́n máa ti gbé mi jáde kẹ́yìn nìyẹn. Mo ní rárá. Mo ní Sakẹ́tẹ́ ni mò ń lọ.

Ìyá Morádéyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ilé kan náà, pariwo sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ẹ bá mi kí Ìyá Jùmọ̀kẹ́ o, wọ́n ń lọ sí abúròòdù! Abúròòdù tí èèyàn á di ẹ̀bà gbígbóná nílé, tó máa débẹ̀ kó tó tutù!"

Mo ní, "Ìwọ ni àlejò àkọ́kọ́ tó máa wá sùn níbẹ̀."

"Èmi? Ẹ bá mi kí òyìnbó ibẹ̀ ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ó mú fìtílà tó ń gba iná lára oòrùn jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò wo ojú mi.

Nígbà tí mo dé ilẹ̀ náà, igbó ti gbé ìpìlẹ̀ Abọ́dúnrìn mì. Igi ìpín hù láàárín ibi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀. Kànga nìkan ló dá yàtọ̀, páànù kan wà lórí rẹ̀, òkúta lórí páànù náà, bí ẹni pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní òun ń bọ̀ wá ṣí i láìpẹ́. Mo ju igbá sínú rẹ̀, mo fa omi, mo bu u mu. Ó tutù. Mo jókòó sí etí rẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo sì dìde nítorí kò sí ẹni tó máa rẹ̀ mí lẹ́kún.

Mo gba yàrá kékeré kan nínú ìlú fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń wá òṣìṣẹ́ tó máa ṣán igbó. Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Ní Òjó, fẹ́ǹsì ni ààlà. Bí kò bá sí fẹ́ǹsì, á jẹ́ òpó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí. Pèrègún tí èmi mọ̀, ẹnu ojúbọ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wá rí pèrègún mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú igbó, wọ́n ga, wọ́n pupa, àyà mi já. Mo ti lọ sí ìsọjí jù. Mo ní, "Ẹ gé wọn. Ẹ dáná sí ìdí wọn. Mi ò fẹ́ òrìṣà ẹnikẹ́ni nínú ilé àlejò mi."

Àwọn òṣìṣẹ́ náà wo ara wọn. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní èdè Ègùn, àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rù òrìṣà ló ń bà wọ́n, mo fi owó kún owó wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá arúgbó kan tó dé fìlà funfun wá, ó dúró sórí eérú. Aládùúgbò ilẹ̀ wa ni wọ́n, Bàbá Kamaldeen ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló gé pèrègún?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Mo rò pé ojúbọ ni."

"Ojúbọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìbàdí mú. "Mùsùlùmí ni bàbá tó bí bàbá mi. Ààlà ni, ìyàwó. Ààlà tèmi àti tìrẹ lo dáná sun yìí. Àbí ẹ ò mọ pèrègún mọ́ ní Èkó ni?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Ibo wá ni ààlà náà gbà?"

Wọ́n wo kànga, wọ́n wo mí. "Pèrègún ló mọ̀."

"Ẹ̀yin náà mọ̀, bàbá."

"Bí mo bá sọ ọ́, wàá ní arúgbó fẹ́ jẹ ilẹ̀ opó. Iná kì í pa pèrègún. Jẹ́ kí òjò rọ̀. Bó bá ti hù, á sọ tẹnu ara rẹ̀."

Wọ́n lọ. Mo sáré gbé ìwé ilẹ̀ lọ bá tíṣà kan nínú ìlú pé kó bá mi ka Faransé inú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó gbé àdá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nìyẹn. Ó kà á pé láti ìdí ọ̀pẹ títí dé ọ̀nà odò, pèrègún ni ààlà. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìwọ̀n. Tíṣà náà gbójú sókè: "Pèrègún náà ṣì wà, àbí?" Mo ká ìwé náà, mo dìde.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé pèrègún kan wà lẹ́bàá kànga. Mo rí i, mo ní kí wọ́n gé e, ṣùgbọ́n mi ò wo apá ibi tó wà. Bó bá wà lọ́hùn-ún kànga, tiwa ni kànga. Bó bá wà níhìn-ín, láàárín kànga àti ilé, mo ti pàdánù rẹ̀. Ilé àlejò wo ni kò ní omi? Odò jìnnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan. Nínú gbogbo ohun tí Abọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, kànga nìkan ló parí.

Oṣù Kejìlá la wà, òjò jìnnà. Mo ta ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà-Ìba, mo fi kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, yàrá mẹ́rin, bó ṣe wí. Nígbà tí páànù gorí rẹ̀, mo kó wọ ibẹ̀. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Mo sùn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan kí n lè mọ ibi tí ẹ̀fọn ti ń wọlé. Láàárọ̀, mo ká ṣíìtì èmi nìkan, mo tún un tẹ́ fún èmi nìkan. Mo ń po tíì ife méjì láìmọ̀.

Orí ọ̀gán kan lẹ́yìn ilé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí pe Jùmọ̀kẹ́.

"Mọ́mì, ṣé ẹ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lónìí?"

"Mo rí."

"Ta ni?"

"Ewúrẹ́ kan ni. Ó kí mi, mi ò dá a lóhùn."

"Mọ́mì! Ẹ máa bọ̀ nílé jàre."

"Ilé wo?"

Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nígbà tí Bàbá Kamaldeen lọ tọ́jú ojú wọn lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kútọnu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, mo mú ọkọ́, mo ń kọ ebè ẹ̀fọ́. Mo rí pèrègún kan ní ìdí ọ̀pẹ, ó yọ ṣóńṣó pupa láti inú eérú. Mo rí èkejì. Mo rí ẹ̀kẹta. Mo tẹ̀lé wọn lọ títí mo fi dé ibi kànga.

Ìhín ló wà. Láàárín kànga àti ilé mi.

Kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Kò sí ènìyàn nítòsí. Bàbá wà ní Kútọnu, ojú sì tún ń dùn wọ́n. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá wú u, tí mo sì gbìn ín sí apá kejì kànga, òjò kan péré á pa ojú ibi tó ti hù rẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín: mo gbé ọkọ́ náà sókè.

Ọwọ́ Abọ́dúnrìn ni mo rí, bó ṣe bó, bí mo ṣe ń fi òrí pa á. Mo ní nínú ara mi pé ọwọ́ tó gbẹ́ nǹkan yìí kò jí i gbẹ́. Èmi wá fẹ́ jí i fún un. Mo sọ ọkọ́ sílẹ̀.

Mo fa ṣíìtì funfun kan ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo ri igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pèrègún náà, mo so aṣọ mọ́ igi kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Láti ọjọ́ náà, mi ò fa omi kànga mọ́. Odò ni mò ń lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọrùn mi ń ké.

Ọjọ́ kẹwàá ni Bàbá Kamaldeen dé. Wọ́n rìn tẹ̀lé aṣọ funfun náà láti ìdí ọ̀pẹ, wọ́n dúró létí kànga.

"Ta ló so aṣọ mọ́ ọn?"

"Èmi ni, bàbá. Kí ẹ lè rí i. Ilẹ̀ yín ni kànga wà."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó sí etí rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni Abọ́dúnrìn gbẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀, òkúta ló bá. Ó wá bá mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nílẹ̀ yín. Bí mo bá kọ́lé tán, ìyàwó mi á máa fa omi fún yín láràárọ̀.' Mo ní kò burú. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń retí ìyàwó."

Gbogbo ìgbà tí mò ń fi òrí pa á lọ́wọ́, kò sọ fún mi pé òun ti fi mí ṣe ìlérí. Ẹ̀rín pa mí, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Bàbá kọjú sí ọ̀nà odò, wọ́n jẹ́ kí n ṣe é tán.

Àwọn tó ń wá ra epo pupa ló ń sùn sọ́dọ̀ mi báyìí, ní ọjọ́ ọjà. Wọ́n ń dé nírọ̀lẹ́, wọ́n ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ń fọ ṣíìtì wọn, mo ń sá a. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí ẹnì kan ò yà. Ìyá Morádéyọ̀ kò tíì wá. Pèrègún ti ga dé ìbàdí mi.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, àlejò wà, àlejò ò sí, mo ń fa omi kún kẹ́ẹ̀gì kan, mo ń gbé e ti pèrègún. Bàbá á wá gbé e. "Ìyàwó, o jí bí?" "Mo jí, bàbá." Wọ́n á lọ. Nígbà mìíràn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lójúmọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ òní, wọn ò wá. Mo dúró títí oòrùn fi gun orí páànù. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà rù, mo kọjá pèrègún, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo kanlẹ̀kùn.

Mo gbọ́ ikọ́ nínú ilé. "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyàwó ni."