Ẹni Tí Yóò Wẹ Ìyá Àpèkẹ́

Aṣọ funfun ni Sìkírátù fi jẹun ní Libreville. Kì í tà á, kì í sì í rán an. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fi sítáàṣì sí i, ó sì ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí Gàbọ́ọ̀nù gba òmìnira, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga tí àwọn òyìnbó dìde kúrò lórí rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun di ohun tí akọ̀wé kò lè ṣe aláìní. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tiwa náà kò sì jẹ́ gbé agbádá tó hunjọ lọ kírun Jímọ̀. Bí ẹ bá wọ àdúgbò Kalikak nígbà náà, tí ẹ béèrè ilé Ìyá Alágbàfọ̀, ọmọdé pàápàá á fọwọ́ júwe rẹ̀ fún yín: ilé pákó kan tí wọ́n ta okùn aṣọ síwájú rẹ̀, tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ń rú èéfín lẹ́nu ọ̀nà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé òun àti Buraimoh ọkọ rẹ̀ dé, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba. Buraimoh ń ta fìtílà àti abọ́ tánganran ní ọjà. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, Ràfátù ni àkọ́bí, àwọn méjèèjì sì ti wà nílé ọkọ ní Nàìjíríà. Sìkírátù kì í yára sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn.

Ní ọdún kejì òmìnira, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ni ooru náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Libreville rí mọ̀ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀ kì í gbóná. Òjò kì í rọ̀, oòrùn kì í sì í yọjú tán. Ìkúukùu á bo ojú ọ̀run, àwọn àgbà á máa wọ súwẹ́tà láàárọ̀. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iná kan gbéra láti àyà Sìkírátù, ó gun ọrùn rẹ̀, ó gba gbogbo ojú rẹ̀, òógùn sì bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ẹ̀kán òógùn kan bọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀. Bí òógùn bá bọ́ sórí aṣọ tó ní sítáàṣì, tí áyọ́ọ̀nù sì gba orí rẹ̀ kọjá, á pọ́n bí àmì tíì. Kò ní kúrò, àfi kí wọ́n tún aṣọ náà fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Norbert ló ni ṣẹ́ẹ̀tì náà, ọmọ Gàbọ́ọ̀nù kan tó ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba.

"Maman, kí lèyí?" Faransé ló fi ń bi í, ó sì fi ìka sí àmì náà. "Ṣé ẹ mu kọfí lé e lórí ni?"

"Fi sílẹ̀, màá tún un fọ̀."

"Ọ̀gá mi á ní inú rẹ̀ ni mo sùn."

"Sọ fún ọ̀gá rẹ pé àgbà kan ló làágùn sí i, kì í ṣe ìwọ."

Norbert rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn ló kó aṣọ rẹ̀ lọ.

Nǹkan oṣù Sìkírátù ti dúró kí ooru yìí tó dé. Ohun tí àwa obìnrin tó wà níbẹ̀ gbà gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ kò ṣàì wà níbì kan: ó ń kó ara rẹ̀ jọ sí ikùn, òun ló sì ń hó bí omi orí iná. Sìkírátù náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò rí oorun sùn. Ìbínú tí kò ní tẹ́lẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Buraimoh á kàn jókòó jẹ́ẹ́, Sìkírátù á ní ó ń mí sí òun.

"Sìkírá, kí ni mo tiẹ̀ ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà kúrò níwájú mi."

Buraimoh kó ẹní rẹ̀, ó lọ ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn fìtílà.

Victorine ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń kọjá àwàdà. Aránṣọ ni, Nàgó láti Pọ̀bẹ̀ ní Dàhòmì, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ilé rẹ̀ sì fara kan ti Sìkírátù. Ooru ti bá òun náà jà rí, wọ́n sì ń gún un lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù.

"Wò mí dáadáa," ó wí. "Ṣé mo jọ ẹni tó ń jóná? Dìde ká lọ."

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níbẹ̀ ń jẹ́ Hélène, ọmọ onílẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé, Victorine sì ń túmọ̀ rẹ̀: abẹ́rẹ́ náà á pa ooru, oṣooṣù ni wọ́n á máa gún un, nǹkan oṣù rẹ̀ sì lè padà. Inú Sìkírátù dùn sí èyí tó gbọ́ kẹ́yìn. Ohun tó wá gan-an nìyẹn, kí ẹ̀jẹ̀ tó há jáde, kí ara rọ̀ ọ́.

Ooru náà sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Ó sùn. Buraimoh kó ẹní rẹ̀ padà wálé, kò sì bi í ní nǹkan kan. Kò pẹ́, nǹkan oṣù dé. Victorine gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ọlọ́mọge ti dé o! Bàbá Ràfátù, ẹ tún ilé kùn!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Àpèkẹ́ ránṣẹ́ pè é.

Ìyá Àpèkẹ́ ni àgbà jù nínú àwa obìnrin Mùsùlùmí tó ti Nàìjíríà wá. Gbogbo obìnrin wa tó kú sí ìlú yẹn, òun ló wẹ̀ wọ́n. Àṣà wa le lórí èyí: aboyún kì í wọ yàrá òkú, abiyamọ kì í súnmọ́ ọn, ẹni tó bá sì ń rí nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kàn án. Ààfáà Bẹ̀llò ti sọ ọ́ fún wa pé ẹ̀sìn kò le tó bẹ́ẹ̀. A gbọ́, ṣùgbọ́n báyìí ni àwọn ìyá wa ṣe é nílé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tàpá sí i. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ló ń lọ sí àjò. Ẹni tó bá ti darúgbó ń padà sílé ni. Yàtọ̀ sí Ìyá Àpèkẹ́, Sìkírátù nìkan ni gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró.

Ìyá àgbà náà wà lórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìrọ̀rí.

"Jókòó, Sìkírá. O rí ẹsẹ̀ yìí? Ó ti wú dé orúnkún. Mo ti mọ ibi tí mò ń lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Kí ni kí n wá sọ? Pé Párísì ni mò ń lọ?" Ó di ọwọ́ Sìkírátù mú. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó wẹ̀ mí. Ohun kan wà lára mi tó jẹ́ pé ọkọ mi tó ti kú nìkan ló rí i rí. Mi ò fẹ́ kí àjèjì máa yí mi síwá sẹ́yìn ní ọsibítù, kí wọ́n máa fi han ara wọn. Ìwọ, mo mọ̀ pé o ò ní sọ ọ́."

Sìkírátù fà súnmọ́ ibùsùn náà.

"Màámi, ó ti padà."

"Kí ló padà?"

"Nǹkan oṣù mi. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ nítorí ooru."

Ìyá Àpèkẹ́ fọwọ́ tún etí ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ṣé ooru náà ń dá ọ lóró tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń sun mí láàyè, Màámi."

"Èmi náà jó o. Mo máa ń jókòó sínú ọpọ́n omi bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ." Ó mi orí. "Mi ò ní ní kí o jó nítorí mi. Ara rẹ ni. Bí kò bá ṣe é ṣe, Bẹ̀llò á fi iyẹ̀pẹ̀ pa mí lójú, á fi pa mí lọ́wọ́, wọ́n á sì gbé mi lọ bẹ́ẹ̀. Ó tó lójú Ọlọ́run. Kò kàn tó lójú mi ni."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni Sìkírátù gbé délé. Ó sọ ọ́ fún Buraimoh.

"Gba abẹ́rẹ́ rẹ," Buraimoh dáhùn. "Ọlọ́run ò ní kí ẹnikẹ́ni sun ara rẹ̀ níná."

"Ọlọ́run ni àbí ẹ̀yin?"

Buraimoh rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Èmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ padà sáàárín àwọn fìtílà yẹn."

Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì pé, Sìkírátù àti Victorine tún lọ. Hélène ti ń nu abẹ́rẹ́ kí Sìkírátù tó la ẹnu.

"Bá mi bi í: ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́, níbo ló ń lọ?"

Hélène gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Kò lọ síbì kankan. Ara yín ni kò ṣe é mọ́."

"Kò sí nínú ikùn mi?"

"Kò sí."

"Bí mi ò bá gba abẹ́rẹ́, ṣé màá kú?"

"Ooru yẹn kì í pa èèyàn. Á yọ yín lẹ́nu, á sì lọ lọ́jọ́ kan. Ti ẹlòmíràn ń pẹ́, ti ẹlòmíràn kì í pẹ́. Mi ò lè sọ bí tiyín ṣe máa rí."

Sìkírátù dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Orí rẹ dàrú ni?" Victorine pariwo. "Èèyàn á rí omi tútù, á ní iná lòun fẹ́?"

"Ìwọ gba tìrẹ, Victorine. Mi ò sọ pé ó burú."

Ooru náà padà, kò sì padà pẹ̀lú àánú. Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó gbóná. Ó ká aṣọ ìnura, ó dì í mọ́ iwájú orí. Ó wá mọ̀ pé àyà ni iná náà ti ń gbéra, pé ó ń fún òun láyè díẹ̀ kí òógùn tó dé àgbọ̀n. Nínú àyè díẹ̀ yẹn ni ó ń gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, tí ó ń fà sẹ́yìn kúrò lórí aṣọ. Aṣọ púpọ̀ bàjẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan Norbert ń kọjá lọ síbi iṣẹ́.

"Maman, kí lẹ dì mọ́rí? Ogun ni?"

"Ogun ni. Máa lọ."

Buraimoh kò padà lọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ibùsùn súnmọ́ fèrèsé, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Nǹkan oṣù tún wá ní ìba díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró pátápátá. Ní ọ̀sán ọ̀sán, Sìkírátù ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àpèkẹ́, ìyá àgbà náà sì ń fi ẹní kíká kan kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú: ọ̀tún ṣáájú òsì, aṣọ kì í kúrò lára, ọwọ́ kì í yára.

Nígbà tí òjò padà dé ni Ìyá Àpèkẹ́ kú, lọ́sàn-án. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé, wọ́n sì ta aṣọ ìkélé sáàárín yàrá. Adétóun, ìyàwó Ààfáà Bẹ̀llò, dúró sí ẹ̀yìn ìkélé láti máa na omi wọlé. Òun ṣì ń rí nǹkan oṣù, kò sì lè kọjá ibẹ̀. Sìkírátù nìkan ló wà lọ́dọ̀ òkú.

Ó wẹ ọ̀tún tán. Ó ń wẹ òsì, ó sì ti dé ibi tí ohun tí ìyá àgbà náà sọ fún un wà, nígbà tí iná náà gbéra láti àyà rẹ̀.

Kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè gbé sílẹ̀. Òkú tí wọ́n wẹ̀ dé ìdajì, wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ, kò sì lè fi wọ́n nu ojú. Aṣọ tó dì mọ́rí ti rin gbingbin. Ó na apá rẹ̀ gùn, ó fa orí sẹ́yìn, òógùn ń ṣàn gba ọrùn rẹ̀ sínú bùbá.

"Adétóun."

"Ẹ̀n, Ìyá mi."

"Rẹ aṣọ kan sómi. Na ọwọ́ rẹ wọlé, má wò."

Ọwọ́ Adétóun gba ẹ̀gbẹ́ ìkélé wọlé, aṣọ tútù wà nínú rẹ̀. Sìkírátù kò gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò. Ó tẹrí ba, ó gbé iwájú orí rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ Adétóun, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Adétóun sọ fún wa lẹ́yìn náà pé orí náà gbóná bí ìkòkò, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun gbọ́ tí omi ń kán látọwọ́ tó ń wẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò dúró.

"Ṣé kò sí wàhálà o?" Ààfáà Bẹ̀llò béèrè láti ìta.

"Kò sí," Sìkírátù dáhùn. "Ó ku ẹsẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọ aṣọ márààrún tí wọ́n fi di òkú náà, tó sì lọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde sínú òjò, kò sí àmì kankan lórí wọn.

Victorine dúró dè é lójú ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn.

"O ti ṣe é fún un. Ó ti parí. Ṣé o máa wá gba abẹ́rẹ́ báyìí?"

Sìkírátù wo ẹ̀yìn. Adétóun ń gbé àwọn korobá omi jáde, àwọn ìyàwó kéékèèké yòókù sì to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn kan.

"Ta ni kí àwọn wọ̀nyẹn pè?"

"Èmi ò sí lára wọn o."

"Mo mọ̀. Ìwọ, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì á wẹ̀ ọ́. Gbé agboòrùn yẹn kúrò lórí mi, jẹ́ kí òjò pa mí díẹ̀."

Ooru náà pẹ́ lára rẹ̀ gan-an kó tó fi í sílẹ̀. Ó wẹ àwọn mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì Ìyá Àpèkẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló bi í léèrè, àwọn mìíràn fi ẹ̀bẹ̀, àwọn mìíràn fi ẹ̀tàn. Ìdáhùn kan náà ló ń fún gbogbo wa.

"Omi ni mo rí."