Bíréèkì Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Bàbá Tún Ṣe

Bí mo bá ti gbóòórùn bẹntiróòlù tó pò mọ́ ọ́ìlì gbígbóná, abẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Galadimawa ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ibẹ̀ ni bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ti ń tún alùpùpù ṣe. Kí ó tó tú ohunkóhun, á kọ́kọ́ tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, á wá máa to gbogbo nǹkan tó bá tú lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìjọba ni, ìgbéyàwó wa kò sì tíì pé ọdún kan. Mo ra àlòkù alùpùpù kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Life Camp tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì gun alùpùpù ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àmọ́ mo ti pinnu pé òun ni màá gùn lọ kí ìyá mi ní Kàbbà nígbà Kérésì. Mo ti ń rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń gba títì Lọ́kọ́jà kọjá ní Sátidé pẹ̀lú akoto ńlá àti bàtà gìrìwò, ó sì wù mí kí ojú máa tẹ̀ lé èmi náà bẹ́ẹ̀.

Bàbá tú táyà ẹ̀yìn, ó pè mí sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá mi, ẹ wo bíréèkì yín. Ó ti jẹ tán, kò nípọn ju èékánná lọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe èyí, kí ẹ wá máa fi í rìn ládùúgbò fún oṣù kan. Títì Lọ́kọ́jà kì í ṣeré."

Mo ní kó fi bíréèkì sílẹ̀ ná. Ọ̀dà dúdú tó ń dán ni mo fẹ́, àti àpótí irin lẹ́yìn, àti iná ńlá méjì níwájú. Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé ó dá mi lójú, ó ní, "Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn o."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi ní òun máa bá mi lọ dán an wò dé Abaji. Ó bi mí pé, "Ṣé bàbá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò?"

Mo ní, "Ó ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò." Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

Ó dì mọ́ mi níbàdí, ó ń kọrin sí mi létí. A ti fẹ́ wọ Abaji nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ṣàdédé dẹwọ́ eré níwájú wa. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi kàn wọlẹ̀ lọ lásán ni. Mo yà kúrò lójú títì, a sì ṣubú sínú erùpẹ̀ pupa. Orúnkún mi bó. Tìyàwó mi, eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ń kí wa pẹ̀lẹ́ pé, "Sànnu, sànnu," ó ń bu omi sí i lójú. Nínú erùpẹ̀ yẹn ni ìyàwó mi ti gbójú sókè. "Kí ló ṣe bíréèkì?"

"Bàbá yẹn ló ní òun ti ṣe é."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, láìronú. Mo rò pé ibẹ̀ náà ló máa parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi gbé ọwọ́ tí wọ́n fi pọ́ọ̀pù dì ní ọsibítù lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò. Mo tẹ̀ lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká padà. Àwọn oníbàárà bíi mẹ́fà wà ní ìjókòó. "Bàbá, ẹ ní ẹ ti ṣe bíréèkì. Ṣé Ọlọ́run tí ẹ ń kírun sí ló ní kí ẹ pa wá?" Bàbá wo ọwọ́ náà, ó wá wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo gbójú sílẹ̀, mo ń wo àwọn nǹkan tó tò sórí àpò sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ọlọ́run á mú un jinná."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn ará ìjọ wa tó máa ń gbé alùpùpù wọn lọ bá a fi dẹ́kun lílọ. Nígbà tí wọ́n tú pọ́ọ̀pù náà, ìyàwó mi jáde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run yọ wá lọ́wọ́ mẹkáníìkì ìkà. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n fa èmi náà síwájú, mo sì jó. Mo jó, ọ̀rẹ́ mi, òógùn tútù ń bọ́ lára mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ṣe ń bu oúnjẹ, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó kúnlẹ̀ fún bàbá nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Èmi dọ̀bálẹ̀. Bàbá yára fà á dìde. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Mo dúró kí ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ ò sọ ọ́, mo ní bí mo bá fẹnu ara mi sọ ọ́, ilé yín lè dàrú. Mo fi í sílẹ̀."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo dìde níwájú ìjọ, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà bàbá padà, díẹ̀ ò padà mọ́ láé. Òun fúnra rẹ̀ ló tún bíréèkì náà ṣe, tó sì kọ́ mi ní gígùn títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo gùn ún dé Kàbbà lọ́dún kejì, inú ìyá mi dùn, gbogbo ará ilé jáde wá wò ó. Mi ò lè gbójú sókè gba ìyìn wọn.

Ọdún ti gorí ọdún. Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé èmi àti bàbá la jọ dákẹ́ lábẹ́ igi yẹn. Òun dákẹ́ kí n má bàa tẹ́. Èmi náà dákẹ́ kí n má bàa tẹ́.