Ìràwọ̀ Pupa Rúsúrúsú Lókè Ọ̀sà Boribana

Owó tí wọ́n ń gbà lórí ìdì àtíékè kan, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, lónìí, nígbà ọ̀dọ́ mi, ó tó kí gbogbo ilé wa jẹ àjẹyó, kí ẹja díndín sì wà lórí rẹ̀. Epo àtùpà nìkan ni mi ò rántí pé ó pọ́ọ́kú rí, pàápàá lọ́dún tí iná mànàmáná ń lọ ṣáá ní Abidjan. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń jókòó síta ní Boribana, àdúgbò wa létí ọ̀sà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ìràwọ̀ á sì kún òkè ọ̀sà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé fún ìsinmi. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Adjamé Roxy, ó sì fẹ́ kí n fi ìwé sílẹ̀ kí n wá dúró tì í. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó nawọ́ sí ìràwọ̀ kan tó pupa rúsúrúsú ju àwọn yòókù lọ.

"Kí nìyẹn?"

Mo dá a lóhùn kíá: "Arcturus. Une géante orange."

"Faransé yẹn, ìyá rẹ ò gbọ́. Bí o bá sọ ọ́ tó yé e, wàá padà sílé ìwé. Bí kò bá yé e, lundi tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù Roxy ni."

Àbúrò mi obìnrin rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ó ti parí fún yín."

Òótọ́ ni. Faransé ni mo fi mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìràwọ̀. Bí mo ti ń wá Yorùbá tí mo máa fi sọ ọ́ ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo kàn há sórí. Màámi ń dín gbófúlótó lórí ààrò èédú. Mo wo ìyẹ̀fun tó ń wú nínú epo. Mo ní oòrùn ni ìràwọ̀ náà, oòrùn tó ti dàgbà. Ohun tó ń jó ní àárín inú rẹ̀ ti tán, ó wá wú báyìí, ara rẹ̀ jìnnà sí iná inú, ó tutù díẹ̀, ó sì pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ.

"Nígbà tó wú," Màámi béèrè, "àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀, wọ́n á ti jóná.

"Oòrùn tiwa yìí ńkọ́?"

"Òun náà á wú, Màámi. Ṣùgbọ́n ó ṣì jìnnà."

"Jìnnà tó báwo?" Ó ti gbàgbé ohun tó ń dín.

Bàbá wo Màámi, ó sì yíjú sí mi. "Padà sílé ìwé rẹ," ó ní. "Ohun tó máa ṣe oòrùn, ó yẹ kí ẹnì kan nínú ilé yìí mọ̀ ọ́n."

Bàbá ti lọ, Màámi náà ti tẹ̀lé e. Àbúrò mi wà ní Abobo Gare, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Èmi náà ṣì wà. Ìràwọ̀ yẹn jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lára rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wà lójú ọ̀nà títí mo fi darúgbó. Ẹnu àìpẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwa méjì nìkan ló sì bá nílé.