Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gba Àga Níwájú Ẹ̀rọ Ìforúkọsílẹ̀

Ìforúkọsílẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò tó kọjá ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé orí fóònù lẹ ó ti ṣe tiyín. Ẹ kú ọgbọ́n. Òótọ́ ni pé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa gbé ojú àti ìka yín dé iwájú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Èmi tí mo darí ìyanṣẹ́lódì nílé iṣẹ́ irin ní Ògijo, mo rò pé mo mọ ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Rónkẹ́, ló wá kọ́ mi. Láti ọmọge ló ti ń ta obì ní Ṣàgámù. Kò bìkítà fún ìbò rí, àfi ọjọ́ tó lọ bá káńsílọ̀ wa nítorí gọ́tà tó ń da omi sí yàrá rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ tiẹ̀ ní káàdì ìdìbò?"

Háà! Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. "Màá gba káàdì yẹn," ó ní, "màá sì fi lé e kúrò lórí oyè."

Ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìlà gùn dé títì. Àwọn ìyá olóbì mélòó kan ń jáde bọ̀, wọ́n fajú ro, a ò sì béèrè ìdí. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó, ó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó nu ọwọ́, ó tún gbé e lé e. Òfo.

"Màmá, ìka yín ò lámì," ni akọ̀wé wí.

Níbo ni àmì ó ti wá? Ẹni tó ti ń rẹ obì sómi láti kékeré, tó ń bó o, tó ń fọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ á dán bí àwo tánganran. Ni gbogbo orí ìlà bá di dókítà. Ẹnì kan ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, òmíràn ní òrí ló dáa. Wọ́n fi òrí pa ìka títí ẹ̀rọ náà fi ń yọ̀.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé," akọ̀wé pariwo. "Ẹ̀rọ ò rí yín!"

Mo bá bọ́ síwájú. Mo na ọwọ́ sókè, mo ki orin ìyanṣẹ́lódì bọlẹ̀, mo ní ká jáde lọ dí títì. Ẹsẹ̀ kan ò mira. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní, "Bàbá, tí mo bá kúrò lórí ìlà, ta ló máa dá mi padà?" Wọ́n gbe orin náà ṣá, ṣùgbọ́n orí ìlà ni wọ́n ti gbè é. Ẹni tóhùn rẹ̀ lọ sókè jù di bẹ́líìtì ẹni iwájú rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí tàánú-tàánú. Ó tún ìró ró, ó fìdí múlẹ̀ lórí àga kan ṣoṣo tó wà níwájú ẹ̀rọ.

"Akọ̀wé, ọmọ mi, bí ẹ̀rọ yín ò bá rí mi, kò ní rí ẹnì kankan lónìí."

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Orúnkún ń dùn mí."

Iṣẹ́ dúró. Ẹni tó kàn ló mọ̀. Ó wá kan gbogbo wọn. Àwọn tí kò mira fún mi fárí gá: "Akọ̀wé, ẹ ṣe ti màmá, kí tiwa lè yá!" Ọ̀gbẹ́ni bá pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn ọ̀gá: "Ṣé o ò mọ̀ pé ààyè wà fún ẹni tí ìka ẹ̀ ò bá jẹ́ ni? Ya ojú ìyá náà, kó o máa bá iṣẹ́ lọ!"

Ojú lásán! Láti àárọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró ná, kí òun tún gèlè òun ṣe.

Káàdì jáde, ẹ̀gbọ́n mi sì dìbò. Káńsílọ̀ náà tún wọlé, gọ́tà ṣì ń da omi. Ṣùgbọ́n ó ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi báyìí, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Àwọn ìyá olóbì tó fajú ro lọ sílé lọ́jọ́ náà ló ń dùn mí. Ìforúkọsílẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀, mo bá lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn. Mo ní kó jẹ́ ká lọ, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa yà. Ó ń bó obì lọ, kò gbójú sókè.

"Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ ò rí mi," ó ní. "Mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀la ni mo tún ń padà lọ. Ta ni yóò bá mi lọ?