Àdúgbò Tó Ní Òun Kò Mọ̀ Mí

Òórùn kẹrosíìnì ni yóò kọ́kọ́ kí ọ bí o bá wọ àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń fi í nu íǹkì àná kúrò lára ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú. Ó yẹ kí o mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ọ. Kò sí ẹni tó ní gbogbo ẹ̀rọ nínú wa. Èmi ni mo ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, kàlẹ́ńdà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. N ó gbé e fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹn yóò gbé e sọ́dá títì sọ́dọ̀ Bàbá tó ń gé bébà, Bàbá yóò sì gbé e fún obìnrin tó ń dì í. Ṣọ́ọ̀bù tèmi kò ju tábìlì kan, àga méjì, àti pátákó tí mo kọ orúkọ mi sí lókè ilẹ̀kùn. Ó tó mi.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni nígbà náà, nígbà tí onílé wa ní Abúlé Òkúta papò dà. Àkọ́bí rẹ̀ pè mí, ó ní àwọn fẹ́ ta ilé. Nítorí pé bàbá àwọn fẹ́ràn mi, àwọn yóò dúró dè mí títí oṣù yóò fi parí. Bí kò bá ṣeé ṣe, oníṣòwò kan wà nílẹ̀ tí yóò rà á, yóò sì wó o. Ilé tí a bí gbogbo ọmọ mi sí nìyẹn. Mo ròyìn fún ìyàwó mi. Ó kàn mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Mo gba báńkì kan lọ ní Palmgrove, irú èyí tó ń yá ènìyàn lówó ra ilé, tí yóò sì gba ìwé ilé náà dógò títí gbèsè yóò fi tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì kan dá mi lóhùn. Ó béèrè ẹni tó ń san owó oṣù mi. Mo ní iṣẹ́ ara mi ni mo ń ṣe, ẹni tó bá tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ mi ló ń san án. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò bá ní ọ̀gá tó lè jẹ́rìí sí i, àwọn ní láti fojú ara àwọn rí iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwọn kì í sì í sọ ọjọ́ tí àwọn ń bọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ta ni kò mọ̀ mí ní Ṣómólú?

Oṣù ń lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tí mo lọ̀, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo kó kàlẹ́ńdà lọ fún ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja ní Ìlàjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn, ara mi kò gbà á mọ́, mo padà sí báńkì kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù.

“Sà,” ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “àdúgbò yẹn ò mọ̀ yín.”

Ó ní òun lọ lánàá. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, pátákó kankan kò sí níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan búra fún òun pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin kan ní bóyá Muṣin ni kí òun ti lọ wò ó. Ó ní kí n dúpẹ́ pé òun kò tíì pe ọlọ́pàá, nítorí òun mọ irú wa dáadáa.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ṣómólú, n kò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Òótọ́ ni, ojú ìṣó nìkan ló kù lókè ilẹ̀kùn mi. Bàbá tó ń gé bébà fà mí sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀.

“Wọ́n wá wá ọ o,” ó ní. “Onítáì ni. Orúkọ rẹ látòkè délẹ̀ ló ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò; kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, a ti yọ pátákó rẹ. A ti dá a lóhùn. Má yọjú fún ọjọ́ díẹ̀.”

Ó nawọ́ sí abẹ́ òkìtì bébà. Pátákó mi wà níbẹ̀, tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí náà yóò rántí ìgbà ológun. Ọ̀kan nínú wa tẹ ìwé ìléwọ́ fún àwọn tó ń bá ìjọba jà. Àwọn tó múra dáadáa wá béèrè rẹ̀, àwa náà sì fi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé e lọ. Ó pẹ́ kí ó tó padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gbé nǹkan mọ́. Láti ìgbà náà, àlejò tó bá fi orúkọ inú ìwé pe ẹnikẹ́ni láàárín wa, a kò mọ ẹni tó ń béèrè. Alákàlẹ́ńdà ni gbogbo wọn ń pè mí.

“Bàbá, ìjọba ológun ti lọ.”

“Ìjọba lọ,” ó ní. “Àwọn tí ìjọba ń rán níṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n bá a lọ ni?”

Nígbà tí mo sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́, Bàbá fa pátákó mi jáde lábẹ́ bébà. Díákónì ni Bàbá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Obìnrin tó ń dìwé ní, “Díákónì, irọ́ yín ti gba ilé lọ́wọ́ ọlọ́mọ o.” Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wọ aṣọ ìsìn rẹ̀, ó ní ká lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ta ni yóò tún gba ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan gbọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ fún wa ní àga. Bàbá dúró bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí níwájú ìjọ.

“Èmi ni mo purọ́ fún ọ, ọmọ mi. Pátákó rẹ̀ wà lẹ́yìn mi nígbà tí ò ń bi mí.”

“Kí ló dé tí ẹ purọ́, Bàbá?”

“Nítorí mo mọ̀ ọ́n.”

Bàbá tún ní, “Bí ó bá jẹ́ ẹni tí n kò mọ̀ lo béèrè, ǹ bá mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí ló kàn mí?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Bàbá títí, ó wò mí. Ó wá tú táì ọrùn rẹ̀, ó ká a sínú àpò, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

A bá iṣẹ́ rìn láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń dì í. Gbogbo ibi tí a dé, ó ń béèrè ẹni tó ni iṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú Bàbá kí wọ́n tó la ẹnu. Orúkọ mi ni wọ́n ń dá. Ó fi ìka kan kàlẹ́ńdà tí kò tíì gbẹ, íǹkì rin ìka náà. Bàbá fún un ní àkísà oníkẹrosíìnì.

Oṣù ku díẹ̀ kó parí nígbà tí báńkì gbà. Owó náà kò tó, àwọn tó ní àwọn kò mọ̀ mí ló bá mi fi kún un kó tó pé. Ó pẹ́ ká tó san án tán, ṣùgbọ́n inú ilé náà ni mo ti ń kọ èyí. Bàbá ti lọ sinmi.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó tètè ń sọ pé àwọn mọ̀ mí. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lónìí, tó ń fi orúkọ inú ìwé béèrè aládùúgbò mi, n kì í tètè dáhùn. Mo máa ń fún un ní àga, omi á tẹ̀lé e, n ó sì rán ẹnì kan gba ẹ̀yìnkùlé lọ kìlọ̀ fún aládùúgbò náà.